Ilé ni wolé-wolé ń kọ̀, kì í ṣe ọbẹ̀

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan sí Tánkẹ̀: ìrẹsì, ẹ̀wà, àmàlà, ohun tí apá àwọn ọmọ yunifásítì ká. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù. Ajẹ́ńtì ń pè mí láàárọ̀, ó ń pè mí lálẹ́, pé kí n wá san owó ọdún méjì kẹ́lòmíì tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní NAFDAC ni kí n kọ́kọ́ lọ bá. Ọ̀rẹ́ mi tó ń din ẹyin tà ní irọ́ ni, pé kí n ṣáà gbé ìkòkò kaná, bí wolé-wolé bá dé kí n "rí wọn". Ti ta ni kí n gbọ́?

* * *

Má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn, àbúrò mi. Má sì tíì fún ajẹ́ńtì yẹn ní kọ́bọ̀.

Kí n sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Bùkà méjì ni mo ti ṣí nílùú Ìlọrin yìí. Àkọ́kọ́ kógbá wọlé kó tó pé oṣù mẹ́ta. Èkejì ló ń san owó iléèwé àwọn ọmọ mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọwọ́ kan náà ló se ọbẹ̀ méjèèjì, ọjà Mandate kan náà la ti ń ra ata. Ilé ló yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́, ojúlé ẹlòmíì ló júwe fún ẹ. NAFDAC, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993, wà fún oúnjẹ tí wọ́n ti dì, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́, tó ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é lọ sórí kántà ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀: omi inú ọ̀rá, búrẹ́dì, sobo inú ìgò, ata gígún inú ike. Àmàlà tó o bù sínú abọ́ fún ẹni tó jókòó síwájú rẹ kò sí nínú ẹ̀. Ti káńsù nìyẹn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, níbi tó ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, dárúkọ ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú, ó ní káńsù ni yóò máa ṣàkóso wọn, tí yóò sì máa bójú tó wọn. Àwọn tó ń bá káńsù ṣe é ni ẹ̀ka ìlera àyíká, àwọn tí ìyá wa ń pè ní wolé-wolé.

* * *

Ẹnìkan ní kí n sọ bó ṣe ń lọ gan-an. Kò le. Wàá kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera àyíká ní káńsù rẹ: orúkọ rẹ, àdírẹ́sì ibẹ̀, irú oúnjẹ tó o fẹ́ tà. Wọ́n á rán ẹnì kan tàbí méjì wá wo ibẹ̀. Bí ohun kan bá kù, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á dá ọjọ́ fún ẹ, wọ́n á padà wá. Ìwọ àti gbogbo ẹni tí yóò fọwọ́ kan oúnjẹ á lọ ṣàyẹ̀wò. O sanwó, o gba rìsíìtì, o gbàwé, o gbé e kọ́ ògiri. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, o tún un gbà. Bó bá jẹ́ orúkọ iṣẹ́ lo fẹ́ fi ṣí àkáǹtì ní bánkì, CAC nìyẹn, àwọn tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, ọ̀nà tiẹ̀ ọ̀tọ̀.

Gbogbo ìjà wà nínú "bí ohun kan bá kù" yẹn. Torí ohun tó máa ń kù kì í ṣe ohun tó o lè fi ọṣẹ àti kànìnkànìn mú kúrò. Omi ni. Ṣálángá ni. Ibi tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn gbà ni. Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tó dojú kọ ìdáná ni. Onílé ló ni gbogbo ẹ̀, ìwọ lo sì ti sanwó.

* * *

Bùkà mi àkọ́kọ́ yẹn. Mo tẹ́ táìlì funfun síbẹ̀, mo kun ògiri, mo ra àga oníke méjìlélógún, mo gbé fíríìsà sí kọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ni wolé-wolé dé, obìnrin kan tí n kò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, báírò lọ́wọ́. N kò tíì kọ lẹ́tà kankan sí káńsù nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti gbé mínírà tútù méjì sílẹ̀ dè é. Kò wo táìlì mi. Kò wo ẹran. Ó gba àárín àwọn oníbàárà kọjá lọ sẹ́yìnkùlé tààrà, ó ṣí ìdérí kànga, ó wò yíká, ó ní, "Mà, sọ́kàwéè yín dà?" Mo nawọ́ sí i. Ó fa táàpù yọ nínú báàgì, ó ní kí n bá òun di etí rẹ̀ mú lẹ́nu kànga. Mítà 9. Ó tún un wọ̀n. Mítà 9 náà ni.

Ó ní ó kéré tán mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín kànga àti ibi tí ìgbẹ́ ń wọlẹ̀ sí, pé èyí tó tún wá burú ni pé sọ́kàwéè wà ní òkè, kànga wà ní ìsàlẹ̀. Omi tí mo fi ń fọ àwo nìyẹn, òun ni mo fi ń ro àmàlà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: kí n má lo kànga yẹn fún oúnjẹ tàbí àwo mọ́, kí n fa omi bọ́hòòlù wọ síńkì, kí wọ́n dí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tó ṣí sí ìdáná, kí wọ́n la òmíràn síta. Ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Mo gbé ìwé náà lọ bá onílé. Ó kà á, ó yí i padà bíi pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ èyí tó dáa sí, ó ní, "Kànga tí bàbá mi gbẹ́ rèé. Òun la fi tọ́ gbogbo wa. Ta ló kú?" Ó ní òun kò ní fọ́ ògiri ilé òun torí ọmọ káńsù kan. Owó ọdún méjì mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń ra omi tánkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó omi ń jẹ èrè, ilẹ̀kùn ṣì wà níbi tó wà. Nígbà tí obìnrin yẹn padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi ti sọ ìkòkò kalẹ̀.

Odindi ọdún kan ni mo fi ń bú u fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ká ní mo ti pè é kí n tó sanwó ni, ìṣẹ́jú márùn-ún àti táàpù yẹn ni gbogbo ohun tí ì bá ná mi.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Gánmọ̀, tó ní òun lọ sí káńsù nínú ìlú Ìlọrin tí wọ́n lé òun padà: wọn ò lé yín, ẹ ṣìnà ni. Gánmọ̀ kì í ṣe Ìlọrin nínú ìwé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni, Ṣàárẹ́ ni olú ilé wọn. Tánkẹ̀ tí a ń sọ yìí, Gúúsù Ìlọrin ni, Fúfù ni tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìyán fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìrẹ́pọ̀dùn ni yín, Òmù-Àrán lẹ ó lọ. Ará Ìsin, Òwù. Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ti ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bóyá àwọn wolé-wolé ní ọ́fíìsì kan nítòsí.

* * *

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, owó ni wọ́n ń wá." Èèyàn mẹ́rin ló ti kọ irú eléyìí látàárọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ fi ẹ̀rín sí i.

N kò ní sọ pé kò sí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ mi rí láìfún mi ní ìwé, bí mo sì ṣe ń kà á lé wọn lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀ pé n kò ní ríwèé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí "rírí wọn" ń rà fún èèyàn: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àlàáfíà. Ẹlòmíì á dé, kò mọ ti ẹni àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ní inú ń run òun, tó lọ fẹjọ́ sùn, ẹni tó gba tọwọ́ yín kò ní yọjú síbẹ̀.

Nísinsìnyí, mo ní fáìlì aláwọ̀ ewé kan lábẹ́ kántà, òróró ti ta sí i lára. Ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀, káàdì àyẹ̀wò gbogbo wa, ìwé àwọn tó wá fín oògùn aáyán. Ẹni tó bá dé, òun ni mo fi ń kí i káàbọ̀. Bó bá dárúkọ owó tí n kò mọ̀ rí, mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó kọ àkáǹtì káńsù tí n ó san án sí. Ẹni tó wá ṣiṣẹ́ lóòótọ́ á kọ ọ́. Ẹni tí kò wá ṣiṣẹ́ á rántí pé òun ní ibòmíì láti lọ.

Àmọ́ o, ọ̀bùn tún wà láàárín wa tó rí ikú ọkọ tìrànmọ́. Ẹni tó ní torí òun kọ̀ láti fún wọn lówó ni wọ́n ṣe ti ilé oúnjẹ òun pa, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ ní ìlà kẹta pé gọ́tà iwájú yín ti dí láti ìgbà òjò? Ẹ̀ ń bù ẹ̀wà lórí omi gọ́tà, ẹ wá ní owó ni wọ́n ń wá. Kí wọ́n wá ṣe é báwo?

* * *

Ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí mú mi rántí ìyá ìyá mi ní Òmù-Àrán. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tí òun jẹ́ ọmọge, bí igbe "wolé-wolé!" bá ti ta ní ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò, ṣe làwọn obìnrin á máa da omi àmù nù, omi tí wọ́n pọn láti odò láàárọ̀, torí ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú àmù rẹ̀, ẹjọ́ ni, owó ìtanràn sì ni. Àwọn míì á gbé àmù náà pamọ́ sẹ́yìn òkìtì igi ìdáná. Ó bú wọn títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n n kò rí i lọ́jọ́ kan kó fi omi sílẹ̀ láìdé, àwa ọmọ náà sì jẹ ẹgba nítorí ìdérí àmù ju bí a ṣe jẹ ẹ́ nítorí ìwé lọ.

Sísá yẹn ṣì wà lára wa. Ẹni tó ń kọ́lé á pe bíríkìlà kó wá wo ilẹ̀, ẹni tó ń ra mọ́tò á pe mẹkáníìkì. Ẹni tó fẹ́ ṣí bùkà, wolé-wolé ló fẹ́ kó má mọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ń jáde ní iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlera ìjọba ní Ọ̀fà, ohun tí wọ́n lọ kọ́ gan-an nìyí. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ̀rọ̀ débi tẹ́ ẹ ó fi ní kí wọ́n dákẹ́.

* * *

Àyẹ̀wò wá kàn. Ìgbẹ́, ìtọ̀, nígbà míì ẹ̀jẹ̀, níbòmíì fọ́tò àyà nítorí ikọ́ fée. Ẹni tó bínú jù lọ níbí kọ ọ́ pé: "Ara mi le. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìgbẹ́ mi ṣe?"

Torí pé ara líle kò ní kí táífọ́ọ̀dù má fara pamọ́ síbẹ̀. Alásè kan wà ní New York ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Mary Mallon lorúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ dùn, àmọ́ ilé tó bá ti lọ dáná ni ibà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sé e mọ́ ní 1907. Ní 1910 wọ́n tú u sílẹ̀, ó ṣèlérí pé òun kò ní dáná fún èèyàn mọ́. Ó yí orúkọ padà, ó lọ ń se oúnjẹ nílé ìwòsàn àwọn aláboyún. Wọ́n tún mú un ní 1915, inú àhámọ́ ló wà títí ó fi kú ní 1938. Kò fìgbà kan gbà pé òun ni.

Ibi tí mo ti wà lẹ́yìn àwọn tó ń bínú ni ti àwọn láàbù. Ọmọ kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ sí láàbù kan, ogún ìṣẹ́jú kò pé tó fi padà dé. Káàdì rẹ̀ pé, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀, kò sí àrùn kankan. Mo ní, "Ike ìgbẹ́ tí mo fún ẹ lọ ńkọ́?" Ó fi ọwọ́ sínú báàgì, ó yọ ọ́, ó ṣì wà nínú ọ̀rá dúdú bó ṣe dì í láàárọ̀. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Mo ní kó máa lọ sí ọsibítù ìjọba. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí aràn. Oògùn mélòó kan, ó tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé káàdì àkọ́kọ́ yẹn kọ́ ògiri ńkọ́, tí òun ń bu ẹ̀wà fún ọgọ́rùn-ún èèyàn lójúmọ́?

Kí n má gbàgbé: èékánná àlẹ̀mọ́. Wolé-wolé tó wá sí bùkà mi kejì ní kí gbogbo wa tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, bí ìgbà tá a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń gún ìyán ní èékánná pupa mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ìkẹwàá dà?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ọjọ́ yẹn náà ló bi mí léèrè ibi tí mo ń gbé ìrẹsì tó bá ṣẹ́ kù sí. Mo ní mo máa ń tún un gbé kaná láàárọ̀, á hó dáadáa. Ó ní kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé oró tó ń tú sínú ìrẹsì tó sùn síta, iná kì í pa á, bó ti wù kó hó tó. Kí oúnjẹ sísè má ṣe jókòó ju wákàtí méjì lọ láìgbóná láìtutù. Bó bá máa gbóná, kó gbóná ju 60°C lọ nínú kúúlà. Bó bá máa tutù, inú fíríìjì, kó má ju 5°C lọ. Látìgbà náà ni mo ti ń se ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìkòkò kékeré. Gáàsì ń lọ sí i lóòótọ́, àmọ́ èyí tí mo ń dà nù tẹ́lẹ̀ ju owó gáàsì lọ.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná nílé tẹ́ ẹ ń tà lórí WhatsApp, tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín torí ẹ ò ní ṣọ́ọ̀bù: òfin kò dárúkọ bọ́ọ̀dù. "Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú" ló sọ. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn ìdáná yín lọ́la. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara ná, ìyẹn kò nílò ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kùnú sínú ìgò, tẹ́ ẹ lẹ orúkọ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ gbé e lọ fún súpámákẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń sọ NAFDAC lẹ ti dé yẹn.

Ẹnìkan wá bi mí pé àwọn tó ń ta wàrà ńkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn wàrà. Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí.

* * *

Àbúrò Tánkẹ̀ ti padà dé. Ó ní òun sọ fún ajẹ́ńtì pé kó ní sùúrù, ajẹ́ńtì ní èèyàn mẹ́ta ló ń dúró de òun. (Ajẹ́ńtì wo ni èèyàn mẹ́ta kì í dúró dè?) Ó lọ sẹ́yìnkùlé. Kò sí kànga. Bọ́hòòlù wà, àmọ́ páìpù kò wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìyàgbẹ́ kan ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ń lò, kò sí omi ìfọwọ́ níbẹ̀. Ó bi mí bóyá kóun sá.

Má sá. Ohun tó ṣeé tún ṣe nìyẹn, ohun tí èmi bá pàdé kò ṣeé tún ṣe. Ní bùkà mi kejì, lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ kọ, mo ní kí wọ́n wá bá mi wo ibi tí mo fẹ́ gbà. Wolé-wolé kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀. Mo gbé ìwé yẹn lọ bá onílé kí owó tó jáde lápò mi, nígbà tó ṣì ń pè mí ní oníbàárà. Ó ṣe méjì, mo ṣe méjì, a yọ owó méjì tèmi nínú owó ilé. Gbogbo ẹ̀ wà nínú àdéhùn.

Nítorí náà, kọ lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Ajé. Páìpù, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn: ẹni tó máa fà á, ọjọ́ tó máa parí. Síńkì ilé ìyàgbẹ́, bá àwọn ṣọ́ọ̀bù márùn-ún yòókù sọ ọ́, owó rẹ̀ kò ní pọ̀ bí ẹ bá pín in. Wo ibi tí omi àwo máa ṣàn lọ, o ò sọ ìyẹn fún mi. Bí onílé bá ní òun kò fọwọ́ sí ìwé kankan, ṣọ́ọ̀bù kejì tó o ní o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tẹ ìwé, èyí tó ní kànga, lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mú táàpù dání.